Nígbà tí Oògùn Mi Kò Korò Mọ́

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé oògùn tí o máa lò kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé mì, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń gún síni ní ìdí, pé mímí ni o máa mí in sínú, mo mọ bí ara rẹ ṣe rí. Èmi náà jókòó sórí àga yẹn rí. Ẹ̀rín ni mo rín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo rò pé dókítà ń bá mi ṣeré ni. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí o tó ka ìyókù, torí ìyókù kò dùn ún gbọ́. Àìsàn nìkan kọ́ ló fẹ́ pa mí. Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọ nípa rẹ̀ kò sí lára ohun tí dókítà máa bá ọ sọ.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, nítòsí Ìrémọ ni ilé ìwé wa wà. Èmi kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, ọkọ ló gbé mi dé Ifẹ̀, agboolé wọn wà ní Òkèrèwè. Bàbá Wálé ni mo ń pe ọkọ mi, torí Wálé ni àkọ́bí wa. Ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, lára àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo ni. Rédíò tí gbogbo èèyàn ti sọ pé ó ti kú, tó bá ti fọwọ́ kàn án, ó máa sọ̀rọ̀. Torí náà, tó bá sọ pé òun máa ṣe nǹkan, mi ò kì í tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọyẹ́ ni. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tí ikọ́ ò lọ, mo ní ṣọ́ọ̀kì ni, mo wá ń fi omi rin aṣọ ìnu-bọ́ọ̀dù kí eruku má baà máa fò. Kò tán. Láràárọ̀, kí n tó lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, màá lọ lóṣòó sí ẹ̀yìnkùlé, màá máa wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ó pọ̀, ó ní àwọ̀ ewé, ó sì ń rùn. Òórùn yẹn ló ń tì mí lójú ju ikọ́ náà lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sín mi jẹ tí mo bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn. Nínú ọ́fíìsì àwọn tíṣà, ife kan di tèmi nìkan, kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún fi mu omi mọ́.

Ẹni tí ikọ́ bá ti pẹ́ lára rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni ará ìlú mọ̀ fún un, ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi. Wọ́n kàn ń gbé ọmọ wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni, wọ́n á ní ọmọ náà fẹ́ sùn. Ẹni tó bá sì wá kí mi máa ń mú nǹkan dání. Orógbó, oyin, àdín àgbọn, àgbo efinrin nínú ìgò ọtí. Mo lo gbogbo rẹ̀. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ, mo sì ń dúpẹ́, mo ń gbé e mì.

Ẹni tí kò jẹ́ kí n sinmi nípa àdúrà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ìyá Délé ni gbogbo wa ń pè é, èmi tún máa ń pè é ní Màmá. Nígbà tí ìyá wọn kú, ọkọ mi ò tíì mọ aṣọ wọ̀ fúnra rẹ̀, òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló rán an níwèé. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Nígbà tí mo bí Wálé, òun ló wẹ̀ ẹ́ fún mi, ó sì fún mi lóúnjẹ tí ìyá tó bí mi ì bá fún mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó rò pé ìkà ènìyàn ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìkà ì bá rọrùn fún mi.

Nígbà tó yá, ọkọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ síbẹ̀ rí mọ̀ ọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lo ti máa dé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, o máa bá èèyàn tó ti sùn síbẹ̀. Orí bẹ́ńṣì lo máa wà, wàá máa sún díẹ̀díẹ̀, tó bá fẹ́ kàn ọ́, nọ́ọ̀sì máa jáde pé dókítà ti lọ jẹun. Nígbà mìíràn a máa dé ẹnu ọ̀nà ká gbọ́ pé wọ́n ti daṣẹ́ sílẹ̀, a ó sì tún wọ mọ́tò padà sílé. Tí mo bá wúkọ́ lórí bẹ́ńṣì, àyè máa ń ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì mi. Ọkọ mi á sún mọ́ mi, á dí àyè náà.

Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Dókítà tó gbà wá, ọkùnrin kan tó ti pẹ́ lókè òkun kó tó padà wálé, fi fọ́tò náà hàn wá níwájú iná. Ó ní kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Mo sunkún níbẹ̀. Ó bi mí bóyá èéyi ṣe mí ní kékeré, mo ní ìyá mi sọ pé díẹ̀ ló kù kó gbé mi lọ. Ó ní ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wò ó, mà," ó ní, "ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń dúró síbẹ̀ bí omi ṣe ń dúró nínú gọ́tà tí kò ṣàn. Kòkòrò wá sọ ibẹ̀ di ilé."

A lo kápúsù, ó lọ, ó padà. A gba abẹ́rẹ́ títí ìdí mi fi le bí pákó, ó lọ, ó tún padà. Owó oògùn kò jẹ́ ká lè ra nǹkan mìíràn nínú ilé, ẹ̀rọ ìránṣọ mi bá a lọ. Lọ́jọ́ kan Dókítà wá ní òun fẹ́ gbìyànjú nǹkan kan tí òun rí ní ibi tí òun ti kàwé. Ó ní oògùn tí wọ́n ń gún sí mi ní ìdí máa ń rìn kiri gbogbo ara kó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò, díẹ̀ ló sì ń kù tó bá fi máa débẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó lè sọ ọ́ di ìrì, èmi á wá mí ìrì náà sínú, á sì bọ́ sí ibi tí kòkòrò ń gbé gan-an. Ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ òun, òun máa yá wa.

Kò tóbi ju rédíò lọ. Ó ń kùn. Rọ́bà kan jáde lára rẹ̀, ó lọ sí ife kékeré kan, ìbòmú sì wà lórí ife náà. Inú ife yẹn ni oògùn ń wà. Oògùn abẹ́rẹ́ inú ìgò kékeré náà ni, èèyàn á fi sírínjì fà á, á fi omi oníyọ̀ tí wọ́n fún wa pò ó, á sì dà á síbẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọkọ mi béèrè gbogbo ìbéèrè tó yẹ kéèyàn béèrè. Ó ní kí Dókítà jẹ́ kí òun ṣe é níwájú rẹ̀, ó ṣe é, kò ṣì í. Nígbà tí a délé, mo ní kó kọ́ mi.

"Ìwọ ṣáà jókòó, kí o máa mí," ó ní. "Ìyókù, tèmi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nígbà náà. Mo sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n ní irú ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ mí oògùn yìí, mọ̀ pé ó korò. Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Ìrì náà á kún ìbòmú, á bà lé ahọ́n, ìkorò rẹ̀ á sì wà ní ẹ̀yìn ọ̀fun títí wàá fi jẹun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ mo ń wúkọ́ sí i, àyà mi ń fún, Dókítà ní kí n máa sinmi díẹ̀ láàárín. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń dín kù. Àwọ̀ ewé di àwọ̀ omi ẹ̀kọ. Òórùn lọ. Mo dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Mo rìn láti Òkèrèwè dé ilé ìwé, mi ò dúró lọ́nà kí n ṣe bí ẹni tó ń wo ọjà. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni Ìyá Délé bá wa lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ìjọ wọn ní Òkè-Ogbó bọ̀. Mo jókòó ní pálọ̀, ìbòmú wà lójú mi, ìrì ń rú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Kí lẹ ń fín sí ìyàwó wa nímú?" ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Oògùn ni, Àǹtí mi. Dókítà ló fún wa."

Ó jókòó. Ẹ ní láti mọ̀ pé nínú ìjọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ oògùn kò mọ́ rárá. Ohun tí ayé ń lọ̀, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n fi ń mú èèyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kápúsù, wọ́n fara mọ́ ọn díẹ̀, wọn a kàn gbàdúrà sí i kí wọ́n tó gbé e mì.

"Èyí tí wọ́n ń gbé mì, mi ò bá yín jà," ó ní. "Ohun tó bá wọ ikùn á jáde. Imú ńkọ́? Níbo ni Ọlọ́run gbà fi ẹ̀mí sínú ènìyàn? Ṣebí ihò imú ni. Ibẹ̀ lẹ wá ń fi oògùn gbà, kó lọ bá ẹ̀mí?"

Mo bọ́ ìbòmú. Mo ní, "Màmá, èémí ni, kì í ṣe ẹ̀mí. Atẹ́gùn tí à ń mí ni."

"Tíṣà, má kọ́ mi ní Yorùbá," ó ní. Kò bínú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tí èémí bá tán lára èèyàn, kí ló lọ? Ẹ̀mí kọ́?"

Títí di òní, tí mo bá rò ó, mo mọ̀ pé òmùgọ̀ kọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkọ mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Òun ló ń wúkọ́. Oògùn yìí ló máa máa mí." Mi ò tíì gbọ́ kó dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin náà dìde, ó gbàdúrà lé mi lórí, ó lọ. Mo fẹ́ràn ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ ìbòmú, mo mí, mo ń retí ìkorò náà, kò sì wá. Ìrì kún ẹnu mi, ó tutù, kò ní adùn kankan. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń nu sírínjì.

"Bàbá Wálé, kò korò."

Ó nu sírínjì náà fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ara rẹ ló ń dá. Ẹnu aláìsàn ló máa ń korò."

Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́ nínú wa? Tí ibà bá mú ọmọ, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹnu òun korò. Ọjọ́ tó bá sọ pé ẹnu òun ò korò mọ́, ìyá rẹ̀ á yára gbé ìkòkò kaná, torí àìsàn ti ń lọ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí mo ṣe tọ́ ọmọ tèmi náà nìyẹn. Mi ò bi ara mi bí ẹnu aláìsàn ṣe kan ìkorò tó wà nínú oògùn. Mo kàn dúpẹ́. Mo sọ ọ́ ní ilé ìwé, mo sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó ilé. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Délé pàápàá, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ìyàwó, mo mọ̀."

Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni mo gbọ́, mo sì ní ìgbàgbọ́ ló ń sọ.

Ikọ́ padà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ padà pẹ̀lú àwọ̀ àti òórùn rẹ̀, ó tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara mi ń gbóná nírọ̀lẹ́, síkẹ́ẹ̀tì mi ń já bọ́ nídìí. Ọkọ mi ní ká fi kún un, ká máa mí in lọ́sàn-án pẹ̀lú, mo sì ń mí in. Ó máa ń dúró tì mí báyìí, á di ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ á máa mì. Tí mo bá jáde sí àgbàlá, àwọn obìnrin agboolé tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ojúlówó Ifẹ̀ wọn á dákẹ́, wọ́n á wá fi èdè tó yé mi bi mí pé, "Ṣé ó ti ń fúyẹ́?" Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tí mo wú ẹ̀jẹ̀ sí inú aṣọ ìnujú, ọkọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù.

Dókítà gbọ́ àyà mi níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ kò dára. Ó ní, "Ṣé ẹ ń lo oògùn náà déédéé?"

"Kò yẹ̀ rí," mo ní.

"Ó ṣì ń korò lẹ́nu yín?"

Ẹ wò mí o, èmi tí mi ò lè mí dáadáa, inú mi dùn láti dáhùn. Mo ní, "Rárá, Dókítà, ó ti pẹ́ tí kò ti korò mọ́. Ẹnu mi ti dá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Dókítà kò wo ojú mi. Ọkọ mi ló ń wò. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń dà sínú ife ẹ̀rọ yẹn?"

Mo yíjú sí ọkọ mi pé kó dá a lóhùn, kí wọ́n yéé fi àkókò ṣòfò. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Omi," ó ní.

"Omi wo?"

"Omi àdúrà. Kànga ìjọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni."

Dókítà kò pariwo. Ó ní, "Omi kànga lẹ gbé fún ẹ̀dọ̀fóró mu." Ó dìde, ó lọ pe nọ́ọ̀sì kí wọ́n wá bẹ́ẹ̀dì fún mi. Èmi àti ọkọ mi nìkan ló kù níbẹ̀. Mo bi í pé látìgbà wo. Ó ní látìgbà tí kò ti korò. Ó ní wọ́n rí ìran sí i ní ìjọ, pé ohun tó ń gba imú mi wọlé ló máa mú mi lọ, pé ọjọ́ sì ti sún mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó ní òun ò da oògùn náà nù, gbogbo ìgò rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí èyí tí òun ṣí. Ó sọ èyí bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ó gba omi náà gbọ́, ṣebí ó ti máa da oògùn nù. Ó tọ́jú rẹ̀ kó lè padà sí i tí omi ò bá ṣiṣẹ́. Ara mi ló fi ń dán an wò.

Mo pẹ́ ní ọsibítù. Mi ò lè sọ púpọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn inú sílíńdà ni mo ń mí, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá ni Ìyá Délé. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹja, lójoojúmọ́. Òun ń gbààwẹ̀, ó ń fún mi jẹ. Ọwọ́ tó pọn omi náà ló ń fi kànrìnkàn wẹ ẹ̀yìn mi. Nígbà tí ohùn mi padà, mo ní, "Màmá, ẹ ò sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún ọ, ṣé o máa gbà?"

"Rárá."

"Ṣé o rí i," ó ní, ó sì ń wẹ̀ mí lọ. Kò tì í lójú rárá.

Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé gbogbo agboolé ló mọ̀. Ìyàwó kan ló sọ fún mi, ó rò pé mo ti mọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n mọ̀ nígbà tí mo ń dúpẹ́ káàkiri pé ẹnu mi ti dá. Wọ́n ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ wá, àlàyé tí ìwé ṣe fún un ni mo ń ṣe. Ara mi ló wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Àwọn àgbà ilé wá bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ará ìta gbọ́, pé ìfẹ́ ló fà á, pé ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń jọ gbé ẹnu kan. Mo ní eyín tí mo mọ̀, tó bá fẹ́ gé ahọ́n jẹ, kì í kọ́kọ́ ní kí ahọ́n jókòó kó máa mí. Ẹ̀rín pa àwọn kan nínú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí ọkọ mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa oògùn. Ó kọ́ mi. Mo pò ó fúnra mi, mo wọ ìbòmú, mo mí. Ó korò. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sunkún, mo ń mí. Látìgbà náà, ẹlòmíràn ò fọwọ́ kan ife yẹn mọ́.

Mo ti ń gbìyànjú láti gbàgbé nígbà tí ọjọ́ ìdúpẹ́ fún ìwòsàn mi pé. Ìjọ Ìyá Délé ni wọ́n fẹ́ ká ti ṣe é. Mo gbà, torí ọpẹ́ ni ọpẹ́, Ọlọ́run kan náà ni. Nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, èmi ni mo dìde, ṣùgbọ́n Ìyá Délé ni wọ́n gbé gbohùngbohùn fún. Ó ní oògùn òyìnbó fẹ́ gba imú mú ẹ̀mí ìyàwó àwọn lọ, omi ìjọ yìí ni Ọlọ́run fi dá a padà. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Olùṣọ́-àgùntàn yíjú sí ọkọ mi, ó ní, "Bàbá Wálé, ẹ̀yin lẹ ni ìyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Mo wò ó. Ó mọ̀ pé mo ń wo òun. Mo ní nínú ọkàn mi pé tó bá lè sọ ọ́ níbí, ọ̀rọ̀ omi yẹn ti tán láàárín wa.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní. Orin ló gbé lé e. Ó sì jó.

Nígbà tí à ń bọ̀, ó bi mí pé kí ni òun ì bá sọ lójú gbogbo èèyàn, lójú ẹni tó tọ́ òun dàgbà. Mo ní òótọ́. Omi yẹn, ẹ̀rù ló mú un dà á sínú ife, ẹ̀rù sì lè ba ẹnikẹ́ni. Èyí, ojú ló tì í. Ó rí mi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó tún fi ẹ̀rí mi tọrẹ kí ojú má baà tì í. Èyí ni mi ò tíì lè gbé mì.

Torí náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ti jẹ́ ẹ̀rí fún mi, èyí ni tèmi. Ara mi le níwọ̀nba báyìí. Dókítà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró mi lápá òsì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì wà dáadáa kí omi tó dé ibẹ̀. Mi ò lè gun òkè láìdúró. Wọ́n ti yọ mí kúrò nídìí ṣọ́ọ̀kì, ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé ni mo wà. Tí ọyẹ́ bá dé, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá tún yí àwọ̀ padà, màá gbé ẹ̀rọ jáde, màá mí oògùn mi, á lọ. Má sá fún un, ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún. Ṣùgbọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó kí o tó kúrò níwájú dókítà. Omi tí o bá fi máa fọ ife, sè é. Kí o sì mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu rẹ. Ọjọ́ tó bá yí padà, má béèrè nílé, ọsibítù ni kí o gbà lọ. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ lè ṣì ọ́ sọ́nà pẹ̀lú ojú àánú.

Èmi àti ọkọ mi ṣì jọ ń gbé. Mo fún un ní ìwé yìí kà kí n tó fi í ránṣẹ́, torí mi ò fẹ́ ṣe ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ṣe lẹ́yìn mi. Ó wọ awò, ó kà á títí dé òpin, kò fo ibì kankan. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, kí n má yọ nǹkan kan kúrò. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ni mi ò kọ síbẹ̀, pé òun fẹ́ràn mi.

Mo ní, "Mo kọ ọ́. Ká ní o ò fẹ́ràn mi ni, ǹ bá ti gbàgbé."

Ó bọ́ awò rẹ̀, ó dá ìwé náà padà fún mi, ó sì jáde lọ sí àgbàlá.